Agogo Tí Kò Lọ́wọ́

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi tún agogo ṣe ní Ìpẹru,
ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀gbẹ́ ti ilé Ṣówùnmí oníbúrẹ́dì.
Mo máa ń ki awò bíńtín kan bọ ojú ọ̀tún,
màá sì máa ka eyín orí irin tó kéré ju èso tẹ̀tẹ̀ lọ.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo gbójú sókè wo agogo ara ògiri:
méjìlá ń bẹ lókè, mẹ́fà ń bẹ nísàlẹ̀,
mẹ́ta àti mẹ́sàn-án jókòó sáyè wọn,
ọwọ́ agogo ni n ò rí.
Èéfín ló wà láàárín.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tú u palẹ̀, mo tò ó padà.
Kò sóhun tó ṣe agogo.

Ọkọ̀ akóbì ló gbé mi dé Ṣágámù,
mo jókòó láàárín agbọ̀n bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ tà.
Dókítà Awófẹ̀sọ̀ ní, "Bàbá, ọjọ́ orí ni.
Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ló ń hù lẹ́yìn ẹyinjú,
ó sì ń jò bíi páànù ilé àtijọ́.
Abẹ́rẹ́ la ó máa fún un."
Mo ní, "Apá ni àbí ìdí?"
Ó ní, "Ojú náà ni."

Ọ̀tún kọ́kọ́, òsì tẹ̀lé e.
Wọ́n kán oògùn sí i títí ojú fi kú tipiri,
wọ́n ní kí n wòkè. Kí n tó pe orúkọ ìyá mi tán, ó ti parí.
Nǹkan dúdú róbótó ń léfòó kiri títí di ọjọ́ kejì
bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ nínú ọ̀gọ̀dọ̀.

Lóṣù kẹta, ọwọ́ agogo padà,
ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.
Mo ka ara páálí oògùn fún Tẹjúmádé láìlo awò.
Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó ti tán.

Lọ́dún kẹta, abẹ́rẹ́ wọ́n, owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ dé.
Mo fo oṣù márùn-ún. Mo ní ojú ti mọ̀nà.
Ojú ò mọ̀nà.
Ẹ̀jẹ̀ ya wọ ojú ọ̀tún lóru láìkan ilẹ̀kùn,
àpá tó fi síbẹ̀ dà bí ojú ààrò tí wọ́n ti ṣí kúrò.

Ó pé ọdún mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá.
Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára ògiri fún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń kọ gbèsè: mọ́kànléláàádọ́ta.
Tẹjúmádé ló bá mi kà á.
Dókítà tuntun, ọmọ Ọdúnúga ará Ìkẹ́nnẹ́,
kó ìwé àtijọ́ ti ìwé òní, ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ìlà tí ẹ kà lọ́dún kìn-ín-ní, ẹ ò kà á mọ́.
Ibi tí ojú òsì yín wà ká tó bẹ̀rẹ̀,
ibẹ̀ náà ló tún wà."

Àna mi ní, "Bàbá, èrè rẹ̀ wá dà?"
Ọmọ tó ń fi fóònù wo aago
kò yí okùn agogo rí lálẹ́.
Ẹni tó ń yí i kò dá àná padà,
ó kàn ń bẹ òní kó má dúró.
Agogo àwọn obìnrin, mo ti kó o fún Ṣóbánjọ ọmọṣẹ́ mi.
Ṣùgbọ́n mo ṣì mọ igba náírà yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún,
n kì í tẹ òròmọdìẹ mọ́lẹ̀ lágbàlá,
n kò sì di ọ̀pá ẹnìkan mú lọ sí balùwẹ̀.

Mo ti kọ́ láti máa wo etí ohun tí mo fẹ́ rí.
Tẹjúmádé, bí mo bá tẹjú mọ́ ọ, o parẹ́.
Yẹtí rẹ ni mo ń wò,
ìgbà náà ni èéjí rẹ ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́,
àti àmì bíńtín tó wà lókè ètè.
Ìwọ náà sì ń bínú:
"Ta lò ń wò lẹ́yìn mi?"
Ìwọ ni.